Ọyẹ́ Kì Í Ránṣẹ́ Ṣáájú Mọ́

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Ṣakété, ní Àjàṣẹ́ àti ní gbogbo abúlé tó yí wọn ká. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ooru, ẹ sì kú òjò. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín pé irú kíkí wo nìyẹn, kíkí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà? Àsìkò tí a wà yìí ló fà á. Lówùúrọ̀, ẹ ó rí ìyá ọjà tó fi aṣọ wé orí títí dé etí. Lọ́sàn-án, ìyá kan náà á máa fi páálí fẹ́ra. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òjò tí ẹnikẹ́ni ò pè lè wá rọ̀ lé gbáàgúdá tí a sá sórí àpáta. Ìkíni wo ló tún kù tí a ò ní kí?

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, èrò ọkàn mi sì ni mo fẹ́ sọ jáde. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì jíròrò lé e lórí nínú ẹgbẹ́ yín. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe òtútù ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe wá ní jàǹbá jù lápá gúúsù yìí. Ohun méjì ni. Èkíní, a kì í múra sílẹ̀ dè é, nítorí a gbà pé àlejò ọjọ́ díẹ̀ ni. Èkejì, nígbà tó bá já wọlé lójijì, iná là ń sáré gbé wọ yàrá. Iná yẹn, nínú irú ilé tí à ń kọ́ lóde òní, léwu ju ọyẹ́ lọ.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń fa okùn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀, láti gúúsù. Omi wà nínú rẹ̀, òun ló ń gbé òjò wá. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, láti àríwá ìlà-oòrùn. Gbígbẹ ni tirẹ̀, eruku sì kún inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú eruku náà ń wá láti ibi kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Tchad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láti ìgbà láéláé. Ìyẹn ni pé eruku tí ẹ ń nù kúrò lórí àga ní Kétu lè ti rìn ju 1,000 kìlómítà lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ṣé ẹ rántí eré fífa okùn tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń ṣe? Ẹgbẹ́ méjì á di okùn mú, wọ́n á fà á síhìn-ín, wọ́n á fà á sọ́hùn-ún, àmì kan á sì wà láàrin. Nínú oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, ẹ̀bá àmì àárin yẹn ni àwa ará gúúsù ń gbé. Ní àríwá lọ́hùn-ún, ní Kandi tàbí Malanville, afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ti borí pátápátá, wọ́n mọ̀ pé ọyẹ́ dé, wọ́n sì mọ̀ pé yóò pẹ́. Ní tiwa, bí afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ bá fa okùn náà dé etí òkun, Àjàṣẹ́ á gbẹ, ètè á bẹ́, imú á máa ta. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá gbà á padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ooru àti ọ̀rinrin á tún dé. Ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń lọ, tó ń bọ̀, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Nǹkan kan tún wà. Ìkùukùu ojú ọ̀run dà bí aṣọ ìbora fún ilẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ó ń ká aṣọ náà kúrò. Lọ́sàn-án, oòrùn á ràn gan-an. Lóru, ooru ilẹ̀ á fò lọ sókè láìsí ohun tó dá a dúró. Nítorí náà, ní Ṣábẹ̀, ẹ lè jí sí òtútù tí kò tó ìwọ̀n 20, kí ooru ọ̀sán ọjọ́ kan náà sì sún mọ́ ìwọ̀n 35. Kò sí ara tí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kò ní mì, pàápàá ara ọmọdé àti ara arúgbó.

Ẹni tó bá wá ń fi oṣù nìkan mọ ọyẹ́, tó ní òun ò ní yọ aṣọ òtútù àyàfi tí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ kan, á ṣìnà. Ẹni tó sì ní ọyẹ́ ti lọ nítorí pé ooru mú lánàá, tó wá ká aṣọ sínú àpótí, òun náà á ṣìnà. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọwọ́ ló máa ń san gbèsè ìṣìnà yẹn.

Ṣebí àwọn bàbá wa gbé e?

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn àgbà á sọ. Wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, aṣọ kan ṣoṣo làwọn bàbá wa ń dà bora. Wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀yín iná sí ẹsẹ̀ ibùsùn, wọ́n sùn, wọ́n jí. Kí ló dé tí ọyẹ́ tiyín fi ń pani?"

Ẹ̀yin àgbà, òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì lè já a yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí irú ilé tí wọ́n gbé. Ilé amọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn. Amọ̀ á fa ooru ọ̀sán mọ́ra, á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ló wà lórí, àyè sì wà láàrin ògiri àti òrùlé. Èéfín rí ọ̀nà gbà jáde, afẹ́fẹ́ tuntun rí ọ̀nà gbà wọlé.

Ilé tiwa lónìí ńkọ́? Bíríkì sìmẹ́ǹtì àti páànù. Páànù kì í pa ooru mọ́; bí oòrùn bá ti wọ̀ báyìí ló ti ń tutù. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì á tutù bí omi kànga. A ti fèrèsé nítorí olè, a fi rọ́bà dí àlàfo nítorí eruku, a fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí ẹ̀fọn. A wá gbé àdògàn eléèédú tí àwọn bàbá wa gbé sínú ilé tó ń mí, a gbé e sínú ilé tí a ti dí imú rẹ̀. Àdògàn ò yí padà o, ilé ló yí padà.

Èédú tó ń jó nínú yàrá tí a tì pa máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ má rò pé nígbà tí èédú ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ewu ti kọjá. Ìgbà yẹn gan-an ló lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa máa ń gbé afẹ́fẹ́ rere kiri ara. Bí èyí tó lóró bá wọlé, òun ni ẹ̀jẹ̀ á dì mú, á sì fi èyí tó dára sílẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, òòyì á kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, oorun á sì kùn ún. Ẹni tó ti sùn tẹ́lẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan. Nígbà mìíràn, gbogbo ilé ló máa ń bá a lọ, a ó wá máa wí pé ayé ló ṣe wọ́n.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ tálákà nìkan ni, ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀. Ìlú Houston wà ní gúúsù Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìlú ooru ni, àwọn ọmọ Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù líle àti yìnyín já lu ìpínlẹ̀ náà. Iná mànàmáná lọ nínú ilé tó ju 4,000,000 lọ. Púpọ̀ nínú ilé wọn, bíi tiwa, ooru ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kì í ṣe òtútù. Kí làwọn kan ṣe? Wọ́n gbé àdògàn eléèédú tí wọ́n fi ń sun ẹran níta wọ inú ilé. Àwọn mìíràn tan ẹ̀rọ amúnáwá tàbí mọ́tò sínú ilé tí a tì. Afẹ́fẹ́ olóró yìí kan náà pa nínú wọn. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ka òkú gbogbo ìjì òtútù yẹn, 246 ni wọ́n kà, àwọn tí afẹ́fẹ́ yìí pa sì wà lára wọn. Orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀! Ọ̀rọ̀ owó kọ́ nìyẹn. Ìlú tí òtútù ò bá lára mu, tí òtútù wá bá lójijì, ohun tó bá wà nítòsí ló máa ń fọwọ́ gbá mú.

Nítorí náà, ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: kí ẹ̀yín iná má sùn nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ẹ fẹ́ yáná? Ẹ yá a ní àgbàlá, kí ẹ sì má jẹ́ kí aṣọ ọmọ fẹ́ sínú rẹ̀, nítorí aṣọ tó ti gbẹ nínú ọyẹ́ kì í fi àkókò ṣòfò kó tó gbaná. Ẹ fẹ́ kí yàrá lọ́ wọ́ọ́rọ́? Ẹ fi omi gbígbóná sínú ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì tó le dáadáa, ẹ dé e pinpin, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sórí ibùsùn kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ọmọ síbẹ̀, ẹ gbé ìgò náà kúrò. Ẹ̀yin tó sì ń ta kpayo, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ìgò kpayo àti àdògàn sábẹ́ òrùlé kan náà. Nínú ọyẹ́, iná kì í dúró gbọ́ àlàyé.

Òtútù àyà kì í ṣe òtútù

Ibi tí èdè wa ti ń tàn wá díẹ̀ nìyí, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Àìsàn kan wà tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé, tí ọmọ á máa wú ikọ́, tí èémí rẹ̀ á máa yára. Òtútù àyà là ń pè é. Nígbà tí a ti pè é ní òtútù, ohun tó kàn lọ́kàn wa ni pé ooru ló máa wò ó. A ó fi aṣọ di ọmọ gírígírí, a ó yá a ní iná, a ó fi ìpara tó ń ta yẹ́ríyẹ́rí kun ún láyà àti nímú. Bí ìyá bá sọ pé ara ọmọ ò dá, àwọn ará ilé á ní, "Ọyẹ́ ni, á lọ."

Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa òtútù àyà, kì í ṣe òtútù. Ọyẹ́ kàn ń bá a ṣílẹ̀kùn ni: eruku ń ha ọ̀nà ọ̀fun, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbẹ ẹ́, a sì ń fún ara wa pọ̀ nínú yàrá kan tí a tì pa. Èéfín iná tí a gbé wọlé láti fi lé òtútù ló tún wá ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu. Ẹ ò rí i pé oògùn tí a rò pé à ń lò ti di àìsàn? Oògùn tó ń pa kòkòrò ló ń wo òtútù àyà, ilé ìwòsàn ló sì wà, kì í ṣe lórí igbá àwọn tó ń kiri kápúsù lọ́jà.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti kọjá ikọ́ lásán? Ẹ mú nǹkan ìkọ̀wé, akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dákẹ́, kó má máa sunkún, kó má sì máa mu ọmú. Ẹ ṣí aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo ikùn rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá wú sókè, ẹ kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ fi aago tẹlifóònù ka ìṣẹ́jú kan gbáko.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2: bó bá mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti yára jù.

Ọmọ oṣù 2 títí tí yóò fi pé ọdún 1: ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún 1 títí tí yóò fi pé ọdún 5: ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ tó bá ń wú ikọ́, tí èémí rẹ̀ sì yára báyìí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá wá rí i tí ìsàlẹ̀ ìhà rẹ̀ ń wọnú nígbà tó bá mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tí gìrì mú un, tàbí tó sùn tí ẹ ò lè jí i, ẹ má dúró de ọkọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà, ẹ má dúró de kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ wá onízémidjan, kí ẹ máa lọ. Àìtètè mólè ni olè fi ń mú olóko.

Ọmọ tuntun jòjòló tún ṣe pàtàkì. Kò tíì lè gbọ̀n rìrì bí àgbàlagbà láti fi mú ara rẹ̀ gbóná. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yára wẹ ọmọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ó kéré tán, kí wákàtí 24 kọjá ná. Ẹ dé fìlà fún un, kí ìyá rẹ̀ gbé e sí àyà rẹ̀, awọ sí awọ, kí a wá fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Àyà ìyá dára ju ìkòkò iná lọ, kì í sì í rú èéfín. Kí a má sì fi ìpara tó ń ta yẹn sí imú tàbí àyà ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ó lè mú kí mímí nira fún un.

Àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde náà ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni ìgbàgbé. Òtútù àti àìmu omi tó máa ń jẹ́ kí ìrora egungun wọn bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa mu omi, bí òùngbẹ ò tilẹ̀ gbẹ wọ́n. Àwọn àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, òtútù máa ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Kí wọ́n má fo oògùn wọn. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ tó ń bá àríwá ṣòwò, ẹ mọ̀ pé àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ni yírunyírun máa ń jà lọ́hùn-ún. Ibà líle, orí fífọ́, èébì, àti ọrùn tó le tí kò ṣe é tẹ̀: ilé ìwòsàn ló kàn. Gbogbo yín, ẹ má ká nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kúrò. Bí afẹ́fẹ́ òkun bá padà dé, ẹ̀fọn náà á padà.

Ọ̀rọ̀ iléèwé àti ọ̀rọ̀ ọjà

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ kí n tó dé orí rédíò, nítorí náà mo lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Kákí ni aṣọ iléèwé, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ nídìí àsíá ní aago méje òwúrọ̀ nítorí pé àwọ̀ súwẹ́tà náà kò bá kákí mu, ẹ̀kọ́ wo ló ń kọ́ ọ? Mo rò pé ó yẹ kí ọ̀gá iléèwé kọ̀ọ̀kan kéde pé bí ọyẹ́ bá ti dé, ọmọ lè wọ ohun tó bá ní lé kákí lórí títí di àkókò ìsinmi àárọ̀. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé sọ ọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìjà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa ọjà, ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní aago mẹ́rin láti lọ sí Ouando tàbí sí ọjà Kétu, ọmọ tó wà lẹ́yìn yín lórí zémidjan, afẹ́fẹ́ ń lù ú ju yín lọ. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ẹ bo orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi imú àti ẹnu sílẹ̀. Bí oòrùn bá ti yọ, ẹ dín aṣọ náà kù, nítorí ọmọ tí a fi aṣọ mẹ́ta dì lábẹ́ ooru ọ̀sán máa ń rí ìyà tó yàtọ̀.

Ní ti ọjà títà, ọyẹ́ ní oore tirẹ̀. Iṣu tí a fi ń ṣe èlùbọ́, gààrí, ata, ilá, gbogbo wọn ń gbẹ kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọkàn tán ọyẹ́ jù ló máa ń sunkún. Òjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lóru lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́, àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá sì tutù padà á bu, oró á wà nínú ebu yẹn. Kí báàṣì máa wà nítòsí ibi tí a bá ń sá nǹkan sí. Kí a kó wọlé lálẹ́. Ẹ̀yin tó ń ra òrí, ẹ má dúró de ìgbà tí ètè gbogbo ìlú bá bẹ́. Ìgbà òjò ni wọ́n máa ń ṣa èso igi òrí. Ẹni tó bá rà kí ọyẹ́ tó dé, ó ti ra ti ara rẹ̀, ó sì ti rí tà.

Ẹrù ọyẹ́

Ẹnìkan á ní, "Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ, owó dà?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ra aṣọ tuntun. Ohun tí mo ń dá lábàá ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò kan, kó gbé e kọ́ sára ògiri láti oṣù kọkànlá, kó má sì tú u títí oṣù kẹta á fi parí. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹrù ọyẹ́. Kí ló máa wà nínú rẹ̀? Ògbólógbòó aṣọ ankárá méjì tí a rán pọ̀, ó ti di aṣọ ìbora. Súwẹ́tà tàbí aṣọ àlòkù tó nípọn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́. Òrí nínú agolo. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lè fi bo imú nígbà eruku. Ẹní kan sí i tàbí páálí tí a ó tẹ́ sábẹ́ ẹní, nítorí òtútù ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ń wọ ara láti ìsàlẹ̀ ju láti òkè lọ. Àti owó díẹ̀ tí a dì sínú rọ́bà, owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ra nǹkan mìíràn.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní àmì rẹ̀. Bí aṣọ tí a sá bá gbẹ kí a tó yíjú, bí ètè bá ń fà, bí ojú ọ̀run bá funfun bí ìyẹ̀fun, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì rí pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ bí òṣùpá, ọyẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tú ẹrù sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má dúró di àárọ̀. Bí àwọn ará Météo-Bénin bá sì kéde eruku tàbí òtútù, tí a kà á fún yín lórí rédíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á láti wá orin. Ìfura loògùn àgbà.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Mi ò lè lé ọyẹ́ padà sí Sàhárà, ẹ̀yin náà ò lè lé e. Ṣùgbọ́n iná tó wà nínú yàrá, ọwọ́ wa ló gbé e síbẹ̀, ọwọ́ wa náà ló lè gbé e jáde. Mo sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan tí obìnrin mẹ́wàá nínú rẹ̀ bá mọ èémí ọmọ kà, ọmọ abúlé náà ò ní kú láàrin àwọn tó ń sọ pé, "Ọyẹ́ ni, á lọ."

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín nìyí. Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa:

1. Nínú ilé mélòó ní àdúgbò yín ni ẹ̀yín iná ti ń sùn mọ́jú? Ta ló lè lọ bá wọn sọ ọ́, tí wọ́n á gbọ́ tirẹ̀?

2. Ẹni mélòó nínú ẹgbẹ́ ló lè ka èémí ọmọ fún ìṣẹ́jú kan láìṣìṣe? Ẹ dán an wò níbẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé.

3. Bí ọmọ bá ṣàìsàn ní aago méjì òru, onízémidjan wo ló gbà pé kí ẹ pe òun?

4. Ṣé a lè mú díẹ̀ nínú owó èsúsú láti fi ṣe ẹrù ọyẹ́ fún ilé tí kò ní?

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ kú ìmúra sílẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.